Ẹ̀rí Ẹ̀jẹ̀ àti Gbèsè Ọmọ Ènìyàn sí Ẹranko Igbó

Orúkọ a máa pẹ́ láyé ju ẹni tí ó ni ín lọ. Òtítọ́ yìí hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ ẹkùn ní ilẹ̀ Yorùbá. Títí di òní, akínkanjú ọkùnrin ni a ń pè ní ẹkùn; awọ ẹkùn sì jẹ́ ohun tí a mọ̀ mọ́ ọba àti ìjòyè. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá fi ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ wọn lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn, Àmọ̀tẹ́kùn ni wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kan bá béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, ní Òdìgbó tàbí ní Àgọ́ Aláyé pé ta ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ẹkùn nínú igbó rí, ó ṣòro kí ọwọ́ kan ṣoṣo tó nà sókè.

Bẹ́ẹ̀ ni agbègbè náà kì í ṣe pápá láti ilẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ náà ‘àgọ́’ tí ó ṣáájú orúkọ Àgọ́ Aláyé ń rán ni létí ibi tí àgbẹ̀ tàbí ọdẹ ń fi ṣe ibùwọ̀ nígbà tí igbó bá jìnnà sílé. Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdìgbó yìí ni igbó ọba Olúwa wà, tí òun àti igbó ọba Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti igbó Ṣáṣá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jọ jẹ́ ara igbó kìjikìji kan náà nígbà kan rí. Lẹ́yìn náà ni agégẹdú dé, ni oko kòkó àti oko ọ̀pẹ ń gbòòrò, ni a gé apá kan nínú igbó ọba náà lulẹ̀ láti fi gbin igi mẹ́líná. Òpópónà márosẹ̀ láti Èkó sí Bìní gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì di ọjà ẹran ìgbẹ́ tí gbogbo arìnrìn-àjò mọ̀. Ẹranko tí kò níbi tí yóò sá sí kò lè pẹ́ kí ó tó di ìtàn. Ẹkùn ti di àwátì nínú ọ̀pọ̀ igbó Gúúsù Nàìjíríà.

Ní àkókò tí ẹranko wọ̀nyí ń tán lọ ni ìmọ̀ tuntun kan dé, tí ó lè wo ẹ̀jẹ̀ ẹranko kí ó sì sọ ìran tí ó ti wá, ẹni tí ó bí i àti ẹni tí ó bá a tan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìmọ̀ yìí yóò gba àwọn ìdílé ológbò inú igbó là: kìnnìún, ẹkùn àti àwọn ìbátan wọn. Ìbéèrè tí àròkọ yìí dá lé lórí ni pé: kí ni ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀ lè ṣe, kí ni kò sì lè ṣe, nígbà tí a bá ń ro ojúṣe ọmọ ènìyàn sí ẹranko tí ó fẹ́ parun?

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ

Nínú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni ohun tín-ín-rín kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní DNA. Ojú lásán kò lè rí i. Òun ni ó gbé àbùdá tí ọmọ ń jogún lára òbí: àwọ̀, ìrísí, ìdúró, àti àwọn àìsàn mìíràn pẹ̀lú. Ìdajì rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ ìyá. Ní àwọn ibì kan lára rẹ̀, ohun kan náà ni ó ń tún ara rẹ̀ sọ léraléra, bí ìgbà tí onílù bá ń tẹnu mọ́ gbólóhùn kan. Ẹranko kan lè ní àsọtúnsọ mẹ́wàá ní ibẹ̀, kí èkejì ní mẹ́rìnlá. Bí a bá ka irú ibẹ̀ bẹ́ẹ̀ mélòó kan papọ̀, ó ṣòro kí ẹranko méjì tó bá ara mu pátápátá, àfi bí wọ́n bá jẹ́ ìbejì tí ó pín láti inú ẹyin kan ṣoṣo. Irú ibẹ̀ ni a ń pè ní àmì àbùdá. Apá mìíràn tún wà tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Òun ni a fi ń tọ ipasẹ̀ ìran láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Kò di dandan kí a mú ẹranko mọ́lẹ̀ kí a tó gbọ́ ẹ̀rí yìí. Irun tí ó há sára igi, egungun, awọ àtijọ́ tí ó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àní ìgbẹ́ tí ẹranko yà sí ojú ọ̀nà, gbogbo wọn ni ó lè sọ̀rọ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò. Láti inú ìgbẹ́ nìkan ni a ti lè mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, bóyá ẹranko kan náà ni ó kọjá lẹ́ẹ̀mẹta ni tàbí ẹranko mẹ́ta, àti bóyá àwọn tí ó kù nínú igbó kan ti di ọmọ ìyá kan náà láàárín ara wọn.

Yorùbá kò ṣe àjèjì sí irú ìmọ̀ yìí. Oríkì orílẹ̀ ni a fi ń dá ọmọ Olú-òjé mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ Oníkòyí. Nígbà ogun àtijọ́, ilà ojú ni ọ̀pọ̀ fi ń mọ ará ilé wọn ní ilẹ̀ òkèèrè. Kí a tó fẹ́ ìyàwó, ìwádìí ni a kọ́kọ́ ń ṣe, kí ìbátan má baà fẹ́ ìbátan, kí àìsàn tí ń bẹ nínú ìran kan má baà wọ ìran mìíràn. Lóde òní, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti di ara ìwádìí náà: ọ̀pọ̀ ìjọ ni kò ní so àfẹ́sọ́nà méjì pọ̀ láìrí ìwé àyẹ̀wò, kí AS má baà fẹ́ AS, kí wọ́n má baà bí ọmọ tí yóò máa jìyà àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tí à ń ṣe fún ọmọ ẹni kí ó tó gbéyàwó ni àwọn onímọ̀ ń ṣe fún ẹranko nísinsìnyí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé a lè fi èké kọ ilà, ẹnu sì lè purọ́ nípa orílẹ̀. Ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀ ṣòro láti yí.

Ìran kìnnìún Kainji

Ẹkùn ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kìnnìún ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti jẹ́rìí tí ó ya ènìyàn lẹ́nu jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀ kí a tó padà sọ́dọ̀ ẹkùn.

Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí tí Philipp Henschel ṣáájú wọn tẹ ìròyìn kan jáde. Nínú ibi 21 tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹranko ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, mẹ́rin péré ni kìnnìún kù sí: Niokolo-Koba ní Senegal, àwọn ọgbà W, Arly àti Pendjari tí ó so mọ́ra ní ààlà orílẹ̀-èdè Benin, Burkina Faso àti Niger, Kainji ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, àti Yankari ní Bauchi. Gbogbo kìnnìún tí wọ́n ṣírò sí ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ nǹkan bí 400, àwọn tí ó dàgbà tó bíbí nínú wọn kò sì ju nǹkan bí 250 lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù ni ó wà ní ẹkùn ilẹ̀ Pendjari. Nàìjíríà kò ní tó 50. Ní ọdún 2015, àjọ IUCN kọ kìnnìún agbègbè yìí mọ́ àwọn tí ó wà ní bèbè ìparun gan-an.

Bí ènìyàn bá gbọ́ èyí, àwáwí kan wà tí ó máa ń yára sọ: ‘Kìnnìún kò kúkú tán láyé. Ó pọ̀ ní Tanzania, ó pọ̀ ní South Africa. Bí ti Kainji bá lọ, a ó lọ wo ti ibòmíràn.’ Fún ìgbà pípẹ́, àwáwí yìí ní ẹsẹ̀ tí ó dúró lé, nítorí pé ọ̀kan náà ni ìwé sáyẹ́ǹsì ka gbogbo kìnnìún Áfíríkà sí. Ti India nìkan ni ó yà sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó yẹ ẹsẹ̀ náà. Nínú iṣẹ́ tí Laura Bertola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 àti 2016, ó hàn pé kìnnìún Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà sún mọ́ àwọn tí ó kù nínú igbó Gir ní India ju àwọn ti ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà lọ. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ nípa ìdílé ológbò ní IUCN tún ìpín náà ṣe: kìnnìún Kainji àti ti Gir bọ́ sí agboolé kan, ti Kenya àti ti South Africa bọ́ sí èkejì.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ní kí a fi kìnnìún Tanzania rọ́pò ti Kainji dà bí ẹni tí ó sọ fún ìdílé kan pé kí wọ́n má sunkún bí ilé wọn bá run, nítorí pé ènìyàn ṣì pọ̀ ní ìlú kejì. Ènìyàn pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdílé yẹn ni ó parun. Àǹfààní àkọ́kọ́ tí ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀ ṣe nìyí: ó gba àwáwí lẹ́nu ènìyàn.

Àjèjì nínú ìdílé

Àǹfààní kejì ni pé ó ń tọ́ ọwọ́ olùrànlọ́wọ́. Àpẹẹrẹ tí ó yéni jù wá láti Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú ológbò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní puma wà. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí 1995, àwọn tí ó kù kò ju 20 sí 30 lọ. Wọ́n ti ń bá ìbátan ara wọn lò pọ̀ fún ìran púpọ̀. Ìrù wọn ká kò lẹ́yìn, ọkàn àwọn mìíràn ní ihò, kórópọ̀n ọ̀pọ̀ akọ wọn kò sọ̀ kalẹ̀ bí ó ti yẹ. Ní ọdún 1995, ìjọba kó abo puma mẹ́jọ wá láti Texas. Márùn-ún nínú wọn bímọ. Àbùkù wọ̀nyí dín kù lára àwọn ọmọ náà, iye wọn sì ń pọ̀ sí i títí ó fi kọjá ọgọ́rùn-ún. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n kó àwọn abo àlejò tí ó ṣì wà láàyè kúrò, kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà bo ti onílé mọ́lẹ̀.

Àwọn kan tako iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní ohun tí a fẹ́ gbà là ni puma Florida. Bí a bá da ẹ̀jẹ̀ Texas mọ́ ọn, kì í ṣe òun ni a gbà là mọ́, ẹlòmíràn ni a fi sí ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ohun kan nítorí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìyàtọ̀ náà rẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣe Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ìdáhùn. Agboolé tí kò bá fẹ́ ìyàwó láti ìta kò ní pẹ́ tán. Ìyàwó a wọlé bí àjèjì, a di ìyá ọmọ, a di ìyáálé, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa jẹ́ oríkì ilé bàbá wọn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé orúkọ ilé ti parẹ́ nítorí pé ìyá kò ti inú ilé wá. Ohun tí ó ń pa ilé rẹ́ ni àìbímọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe ibi gbogbo ni a ti ń fẹ́yàwó. Ìwádìí ni a kọ́kọ́ ń ṣe. Puma Texas àti ti Florida ti ń pàdé ara wọn rí kí oko àti ìlú tó la àárín wọn. Ìbátan tí ọ̀nà jì síra ni wọ́n. Ní ọ̀nà kan náà, bí ó bá di ọjọ́ kan tí kìnnìún Yankari tàbí Kainji kò rí ẹni bá gbé mọ́, ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀ ti sọ ilé tí a ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀: Pendjari ni, kì í ṣe South Africa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè rọrùn láti ra kìnnìún ní South Africa.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá yàtọ̀ ńkọ́?

Títí dé ibí yìí, ó dà bí ẹni pé ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dá gbogbo ẹjọ́. Ẹkùn ni yóò fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé ẹkùn gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́ ìdílé kan ṣoṣo. Iṣẹ́ mìíràn ní ọdún 2021, tí ó ka gbogbo àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ wọn, tún fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ẹkùn Áfíríkà lọ́rọ̀ púpọ̀, àti pé wọn kò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ gẹ́gẹ́ bí ti kìnnìún. Ẹkùn jẹ́ arìnrìn-àjò. Ó ń gbé nínú igbó kìjikìji, nínú ọ̀dàn àti ní orí òkè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ti ibì kan ṣàn dé ibì kan.

Nígbà náà, àwáwí tí a lé jáde ní Kainji yóò gba ẹ̀yìn wọlé ní Òdìgbó. Ẹnìkan lè sọ pé: ‘Ẹ̀yin ni ẹ ní kí a gba kìnnìún là nítorí pé ìran rẹ̀ yàtọ̀. Ẹkùn igbó Olúwa kò yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Nítorí náà, kò sí àdánù bí ó bá tán níbẹ̀.’ Bí ó bá jẹ́ pé ìyàtọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ìdí tí ẹranko fi níyì, kò sí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìrònú náà yóò ti rí bí a bá gbé e dé ilé. Ìyá tí ó bí ọmọ mẹ́fà kì í sọ pé èyí tí ó kú kò dun òun nítorí pé àwọn márùn-ún yòókù jọ ọ́. Dókítà kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ṣọ̀wọ́n láyé kí ó tó tọ́jú rẹ̀. Ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò kí ó lè mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí yóò fà sí i lára. Àyẹ̀wò ń sọ ọ̀nà ìtọ́jú. Kì í ṣe òun ni ó ń sọ pé ó yẹ kí a tọ́jú. Ibi tí ìyẹn ti ń wá jìn ju yàrá àyẹ̀wò lọ. Ó ń wá láti inú mímọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí kan wà níwájú wa, pé igbó tí ó ń gbé kò dúró láìsí i, àti pé ọwọ́ wa ni ó fa ewu rẹ̀.

Igbó Òdìgbó fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí sí i. Níbi tí ẹkùn bá wà, ọ̀bọ, ìmàdò àti àwọn ẹran mìíràn kì í ya bo oko bí wọ́n ti fẹ́. Iṣẹ́ yìí, ẹkùn tí ó wà ní Gabon kò lè jókòó síbẹ̀ ṣe é fún àgbẹ̀ Àgọ́ Aláyé, bí ẹ̀jẹ̀ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ èdè: ọmọ tí ó ń kọ ‘ẹkùn’ nínú ìdánwò láìsí ẹkùn ní igbó bàbá rẹ̀ ń kọ orúkọ òkú.

Ta ni yóò san gbèsè náà?

Ó rọrùn láti sọ pé gbèsè wà. Ẹni tí yóò san án ni ìjà máa ń dé sí. Darandaran tí kìnnìún pa màlúù rẹ̀ lẹ́bàá Pendjari kò rí owó gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń wo àwòrán kìnnìún náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2022, àwọn agbébọn pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó nínú ọgbà W ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn ni wọ́n fi san apá kan nínú gbèsè gbogbo ayé. Ní Ọ̀rẹ̀, obìnrin tí ó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì ń wá owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹni tí ó bá ní kí ó ṣíwọ́, tí kò sì bá a wá òwò mìíràn, ẹrù tí kò lè gbé ni ó ń gbé ẹlòmíràn rù. Ìdájọ́ òdodo ni pé kí ẹni tí ó ti jèrè jù lára igbó san jù: ilé-iṣẹ́ gẹdú, ìjọba tí ó ti ń gba owó igi láti ìgbà àwọn Òyìnbó, àti àwọn orílẹ̀-èdè tí pákó àti kòkó wa kọ́ ọrọ̀ fún.

Ìmọ̀ pẹ̀lú ní èrè tí ó yẹ kí a pín. Ẹ̀jẹ̀ àti irun tí a kó nínú igbó Áfíríkà sábà máa ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀ Òyìnbó. Àdéhùn Nagoya, tí àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní Japan ní ọdún 2010, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2014, sọ pé onílẹ̀ gbọdọ̀ ní ìpín nínú èrè irú ohun bẹ́ẹ̀. Ìpín tí ó dára jù ni kí ọmọ Òdìgbó fúnra rẹ̀ lè ka ẹ̀rí náà.

Ṣùgbọ́n kò sí ìmọ̀ tí ó lè rọ́pò igbó. Ní Spain àti Portugal, irú ológbò igbó kan tí wọ́n ń pè ní lynx kù díẹ̀ kó parun pátápátá. Ní ọdún 2002, àwọn tí ó kù kò pé 100. Ní ọdún 2023, wọ́n ti lé ní 2,000. Àmì àbùdá ni wọ́n fi yan akọ àti abo tí ó yẹ kí ó jọ gbé. Síbẹ̀, bí wọn kò bá dá ehoro tí ó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ padà sínú ìgbẹ́, tí wọn kò bá dáàbò bo ilẹ̀, tí wọn kò sì bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú ọgbà kì bá tí rí ibi lọ. Ìwádìí ìyàwó kì í ṣe ìgbéyàwó. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbéyàwó láìsí ilé kò lè tọ́ ọmọ.

Ìkádìí

Ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀ ti wúlò lọ́nà méjì: ó gba àwáwí lẹ́nu wa nípa kìnnìún Kainji, ó sì ń fi ọ̀nà han ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni. Kì í ṣe adájọ́, kì í sì í ṣe ẹni tí yóò san gbèsè. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe wà lọ́wọ́ ènìyàn, ìmọ̀ sì ti fi kún ẹrù ènìyàn. Àwọn bàbá wa tí wọ́n pa ẹkùn tí wọ́n sì gé igbó lè sọ pé àwọn kò mọ̀ pé yóò tán. Ìran òde òní mọ iye tí ó kù, ó mọ ìran tí wọ́n jẹ́, ó mọ ìbátan wọn àti ibi tí ó wà. Àìmọ̀ ni a ń darí rẹ̀ jì; ẹni tí ó mọ̀ tí kò ṣe kò ní àwáwí. Bí igbó Olúwa bá ṣì ní igi tí ó dúró lónìí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì bọ́ sórí. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ó ń jẹ́ orúkọ ẹkùn fi í sílẹ̀ fún ẹkùn ní ibi tí yóò máa gbé.